Ọmọ Inú Fọ́ọ̀mù

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A wà dáadáa, ara wa le koko.

Ilé ìwòsàn tí mò ń gbé Adúmáadán, ọmọ-ọmọ yín, lọ dára gan-an. Dókítà wà níbẹ̀, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ wà, ẹnì kan ń kọ́ ọ bí a ṣe ń di bọ́tìnnì, ẹnì kan sì ń ṣọ́ ìwà rẹ̀. Ìdí tábìlì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí, àfi bí ìpàdé ẹbí!

Lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè nípa ọmọ náà. Ṣé ó ń pè yín? Ṣé ó ń dá jẹun? "Bẹ́ẹ̀ ni" ni mo kọ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Orí ohun tí mo kọ ni wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé láti ìgbà náà.

Lánàá, dókítà gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú mi. Ó ní, "Ìyá, ọmọ inú ìwé yìí dà? A ò tíì rí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ rọra na fọ́ọ̀mù tuntun sí mi, mo sì kọ "rárá" títí ojú ìwé fi kún. Wọ́n ní a óò tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sunkún o. Ó ń jẹun dáadáa, bí mo bá ti fi sí i lẹ́nu. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi.

Gbogbo lẹ́tà mi ni mo máa ń fi "Adúmáadán kí yín" parí. Màmá, kò kí yín rí. Èmi ni mò ń kí yín lẹ́ẹ̀mejì.