Wọ́n Fẹ́ Gba Owó-orí Lọ́wọ́ Mi Nílùú Méjì

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Bantè ni mò ń gbé, Savalou ni mo ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni mo sì ti san owó-orí. Láàárọ̀ yìí, akọ̀wé agbowó-orí kan láti ọ́fíìsì ìjọba Bantè wá sílé, ó ní kí n tún un san. Mo fi ìwé tí mo fi san án hàn án.

“Màdáámù, ìwé Savalou ò kàn wá. Ibi téèyàn ń sùn ló ti ń sanwó.”

“Ṣé oorun tí mò ń sùn ń pa owó wọlé ni?”

Ó bínú gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ń ránṣọ ara mi nílé lọ. Mo gun alùpùpù tẹ̀lé e, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀gá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré. “Wọ́n ti sanwó. Dá ẹ̀rọ wọn padà.”

Akọ̀wé bá kọjú sí mi: “Ẹ̀yin náà, ẹ ò bá ti ṣàlàyé.”

Ṣàlàyé! Kò tilẹ̀ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.