Ìṣó Tí Mo Dà Sílẹ̀ Nínú Ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá Dúpẹ́ tó ń fọ sùtánà nínú ìjọ wa ló kọ́kọ́ sọ ìtàn bí ẹsẹ̀ mi ṣe gé fún mi, èmi tí mo ni ẹsẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà, ọjọ́ kẹta tí wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Ó gbé ọsàn wá kí mi, ó jókòó, ó ń bó ọsàn ọ̀hún, òun náà ló ń mu ún, ó wá ń rò fún mi bí ayé ṣe ta ọfà sí mi láyà, bí áńgẹ́lì ṣe fi apá gbá ọfà náà tó fi bá ẹsẹ̀... àti pé inú ilé wa ni ẹni tó ta á ń gbé. Ó ní Wòlíì ìjọ wa ti rí i. Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ìdákẹ́ yẹn ni mo wá jẹ́wọ́ fún yín, torí ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí, mi ò tíì la ẹnu.

Káfíńtà ni mí, ẹ̀bá títì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìbà. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà tí a bá ti wọ sùtánà. Láti ilé wa ní Òkòkòmaikò títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ lásán ni. Bẹ́ẹ̀, mo ní àtọ̀gbẹ, àrùn ṣúgà. Ṣúgà yìí ti pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi pátápátá, bí mo tẹ iná, mi ò ní mọ̀. Ìyá Táyé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń bá kẹ́mísìtì kan ṣiṣẹ́ nínú ẹ́sítéètì, kò yé sọ ọ́. Lójú gbogbo ilé ló ti ń pariwo: “Ọkọ mi, ẹ wọ sílípáàsì o! Ọlọ́run ò ní torí sílípáàsì lé yín padà. Tí ẹsẹ̀ yìí bá fi lè gbọgbẹ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á gé e ni o.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyàwó, gbájú mọ́ oògùn ikọ́ tí ò ń tà.”

Ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ tún páànù ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ìṣó dà lọ́wọ́ mi, òjò sì ti ṣú, mo ní ó dọjọ́ Ajé kí n tó ṣà á. Lọ́jọ́ kejì, a ń kọrin lọ́wọ́ ni arábìnrin kan fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ń tọ́ka sí táìsì ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àga mi. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo gbẹ́sẹ̀ sókè wò, ìṣó páànù ló wọlé dé ọrùn... ó sì ní rọ́bà pélébé lọ́rùn, irú èyí tí mo máa ń fọwọ́ ara mi gé lára túùbù ọ̀kadà kí òjò má baà jò. Ìṣó mi ni. Mo fà á yọ, mo jù ú sínú àpò Bíbélì mi, mo ní òkúta ló gé mi. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi omi àdúrà fọ egbò, títí ó fi dúdú tó sì ń rùn. Ta ló wá gbé mi lọ sí ọsibítù? Ìyá Táyé náà ni.

Ni Wòlíì bá bi ilé léèrè pé ta ló kọ́kọ́ sọ pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ yìí? Gbogbo wọn nawọ́ sí Ìyá Táyé. Báwo ló ṣe mọ̀? Báwo ló ṣe mọ̀! Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òpè. Gbogbo ẹni tó ń ta oògùn ṣúgà ló mọ̀ ọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, ọkùnrin tó ń wa tírélà gba ọ̀nà Bàdágírì, ẹ̀rù obìnrin tí kò ga tó táyà rẹ̀ ń bà á. Ó da ẹrù ìyàwó rẹ̀ sí ìta, ó gba àwọn ìbejì wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò tirẹ̀ ní Àjàngbádì ni obìnrin náà wà títí di òní.

Èmi náà wà níbí. Mo ti ní ẹsẹ̀ rọ́bà. Ooru á mú, òógùn á kún inú rẹ̀, kùkùté ẹsẹ̀ á bó. Ọmọ ìka tí kò sí mọ́ á máa yún mi, mi ò sì rí ibi tí màá họ. Ṣáláńgá ilé wa, ìlóṣòó ni, ẹ fojú inú wò ó fúnra yín. Ọlọ́kadà á rí mi, á ṣe bí ẹni pé òun ò rí mi. Tí mo bá dúró lẹ́bàá géètì Navy Town láti sinmi, èèyàn á ki owó bọ̀ mí lápò láì kí mi. Àwọn àgbà ìjọ tiẹ̀ ṣe ìpàdé lórí mi, ṣé bàtà ni ẹsẹ̀ rọ́bà àbí ẹsẹ̀! Àgbààgbà méje, irùngbọ̀n funfun. Wọ́n ní ẹsẹ̀ lè wọlé, kí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹsẹ̀ náà dúró síta. Bẹ́ẹ̀ gíga gìgísẹ̀ bàtà yẹn ni àwọn tó ṣe ẹsẹ̀ náà fi wọn gígùn rẹ̀, tí mi ò bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ni mo máa ń fì sí bí ẹni tó mutí.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo burú jù nínú gbogbo wọn, mo mọ̀. Àwọn òpè yìí gba irọ́ gbọ́. Èmi mọ òtítọ́, mo jókòó lé e lórí. Ṣé ẹ mọ ìdí? Ó dùn mọ́ mi. Káfíńtà tó tẹ ìṣó ara rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á fi í rín láti Ìbà dé Ọ̀jọ́. Ẹni tí àjẹ́ fẹ́ pa tí kò rí pa, ńlá ni. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi. Àwọn obìnrin ìjọ ló ń pọn omi fún mi, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, àwọn ọkùnrin wọn ló kan bẹ́ǹṣì kúkurú tí mo fi ń jókòó ṣiṣẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ló máa pọnmi fún mi?

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ mi. Wòlíì ní kí n jẹ́rìí, kí n dárúkọ ẹni tó ta ọfà náà, kí ilé lè mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní tí mo bá dárúkọ ìyàwó òun lójú ìjọ, òun ń lọ gba owó orí tí òun san padà nìyẹn, ó parí. Láàárọ̀ yìí ni fóònù dún, Ìyá Táyé ni. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹsẹ̀ tó kù yẹn, ṣé ẹ ti fi dígí wo abẹ́ rẹ̀ lónìí?” Mo ní mo ti wò ó. Irọ́ ni. Ìgbà tó pa fóònù ni mo tó lọ wá dígí.

Ìṣó náà ṣì wà nínú àpò Bíbélì mi, rọ́bà ọrùn rẹ̀ ò tíì já. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ṣé kí n yọ ọ́ síta lójú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, àbí kí n kọ́kọ́ gbé e lọ bá obìnrin yẹn ní Àjàngbádì? Ìwọ tó o sì ń fi mí rẹ́rìn-ín níbi tó o ti ń kà á, tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá sọ ọ́?