Wọ́n Ní Dírẹ́bà Wa Ti Gbó

Ọmọ mi,

Mo kí ẹ o. Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde? Ọ̀gá yín tó máa ń pè yín síṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, kí inú máa run ún láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má lè kúrò nílé ìyàgbẹ́, kí ìwọ náà lè ráyè sinmi. Àmín. Ara wa le níbí, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun tí o fi ránṣẹ́ ni mo torí ẹ̀ mú bírò.

O ní ká máa fi rí ojú ẹ. A rí i lẹ́ẹ̀kan, o ti rù. Láti ìgbà yẹn bàbá ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, torí eré tírélà tí o kó sínú ẹ̀. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ wọn ti ní kí wọ́n lọ sinmi, pé ojú wọn ò ríran jìnnà mọ́, ẹsẹ̀ wọn ò sì yá lórí bíréèkì, ṣe ni wọ́n kàn ń jókòó wo ògiri bíi pé ògiri fẹ́ sọ̀rọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe gun ọkọ̀ inú kọ̀ǹpútà yìí. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á dágbére fún mi ní pálọ̀, wọ́n á wá jókòó sí pálọ̀ kan náà. Bí mo bá bi wọ́n ní nǹkan, wọ́n á ní kí n má bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ lórí ìrìn.

Ọjọ́ kan ni wọ́n gbé ẹrù tòmátì, ni ọ̀nà bá dédé parẹ́ níwájú wọn. Ojú mi ló ṣe. Igi fi orí sọlẹ̀, gbòǹgbò wà lókè, ojú ọ̀run pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, ọkùnrin kan sì dúró létí títì, ṣòkòtò nìkan ni, kò sí ẹni nínú ẹ̀. Bàbá ẹ fọn fèrè fún ṣòkòtò náà títí, kò yà. Wọ́n bá páàkì, wọ́n ní àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ń bọ̀. Wọn ò jẹ́ ká pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ní dírẹ́bà kì í fi ẹrù sílẹ̀ lójú títì. Nígbà tó yá, mo yọ́ lọ gbóòórùn ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò, bóyá tòmátì ti ń rà.

Èmi rò pé ojú ló ń dun ẹ̀rọ náà, torí bó ṣe ń ṣẹ́jú. Mo mú oògùn ojú bàbá ẹ, mo kán an sí i lọ́tùn-ún lósì. Kò gbọ́ oògùn. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe wá, ó pa á, ó tún tan án, ó gbá a létí, ó gbowó. Ṣòkòtò yẹn ṣì dúró síbẹ̀.

Mo bá ránṣẹ́ pe obìnrin ayàwòrán tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ fọ́tò ládùúgbò wa. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ọ̀rọ̀ kan bá yọ lójú ẹ̀rọ, ó sì kà á sókè láìfura, pé dírẹ́bà yín ti gbó, kò lè gbé eré yìí mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ fi tuntun sí i.

Ọmọ mi, bàbá ẹ bọ́ bàtà wọn. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ àwọn ló ti kọ̀wé sí i, kó lè tún lé àwọn nínú ilé ara àwọn. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n kọjú sógiri. Inú bí mi, mo sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìyá ẹ̀ ló gbó, mo sì da aṣọ bò ó lójú.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kì í ṣe bàbá ni wọ́n ń bá wí. Ó ní dírẹ́bà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí a ò lè fojú rí, òun ló ń gbé àwòrán láti inú ikùn ẹ̀rọ wá sójú gíláàsì, òun ni ò mọ ọ̀nà ìgbàlódé. Bàbá ẹ dáhùn láti yàrá, wọ́n bi í pé ṣé wọ́n ti fi ọ̀nà náà han ẹni ẹlẹ́ni rí. Ó ní rárá. Wọ́n ní ó tán, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ọjọ́ orí lé ẹnì kankan lábẹ́ òrùlé àwọn, kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́. Obìnrin náà wò mí, mo wò ó, ó bá ní ó dáa, ẹ̀kọ́ la ó rán an lọ. Ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù ẹ̀ sí i, gíláàsì ṣú, gíláàsì tàn, ọ̀nà padà, igi dúró bí igi, ọkùnrin kan sì ti wọ inú ṣòkòtò yẹn.

Tuntun ló fi sí i o. Má jẹ́ kí bàbá ẹ gbọ́. N kò mọ ibi tí èyí àtijọ́ gbà lọ. Bó bá yà sọ́dọ̀ ẹ, fún un lóúnjẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bàbá ẹ ní kí n wá jókòó ti àwọn. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wakọ̀, ilé-iṣẹ́ ò jẹ́ kí ìyàwó dírẹ́bà wọ ọkọ̀. A gba etí òkun kọjá, a gun òkè, mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ọkọ̀ wa ń rá bí ìgbín, gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí kòtò jí mi.

Wọ́n ní kí o fi owó epo ránṣẹ́. Mo ní iná ló ń lò, wọ́n ní kò sí tírélà tó ń fi àdúrà rìn. Ìwọ ṣáà fi í ránṣẹ́ sí èmi, mo fẹ́ fi ra àga tó ní tìmùtìmù, torí ìdí mi ti kú lórí àpótí.

Oúnjẹ á máa dùn lẹ́nu ẹ, ẹni tó bá ní kí o má jẹ ẹ́, eyín á máa ro ó.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.