Ọkọ Mi Ò Mọ Ilé Tuntun

Ìyáàfin Guat Hoon, ẹ kú ètò orí rédíò o. Ohùn yín nìkan ló ń bá mi jẹun ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ mi mú èmi àti ìyàwó rẹ̀ lọ wo fíìmù iwin kan. Nínú rẹ̀, obìnrin kan gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì tá a fi ń jẹun mọ́ àárín ìrẹsì, wọ́n nàró, bí a ti ń ṣe fún òkú. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú ṣe wọlé nìyẹn, tó jókòó tì í. Gbogbo èèyàn pariwo. Èmi ń jowú.

Nígbà tá a délé, mo bu ìrẹsì fún ọkọ mi, mo gún igi méjèèjì mọ́ ọn. Ìyàwó ọmọ mi fà wọ́n yọ.

“Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ pe òkú wálé ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kí lo rò pé mò ń ṣe?”

Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò wá. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé lọ́jọ́ tá a kó kúrò ní ìlú Taiping wá sí àjà kọkànlá ilé gíga yìí, mi ò yà níbi sàréè rẹ̀ láti sọ fún un pé a ń kó lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n padà lọ sọ, àbí ó ti pẹ́ jù? Wọ́n ti wó ilé wa àtijọ́. Mi ò mọ ibi tó ti ń jẹun báyìí.