Ìyá Tó Dìde Kúrò Nídìí Dùùrù: Gertrude Àrìnpé Oyèníran, 1918–1978

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí ìyá wa ní ọdún 1918, sínú ilé Àkàngbé aláṣọ. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n máa bá àwọn ta aṣọ. Wọ́n yarí, wọ́n ní ìwé làwọn máa kà. Ní 1937 wọ́n di olùkọ́ ní Yábàá. Ní 1940 wọ́n fẹ́ bàbá wa, Ọlábọ̀dé Oyèníran, akọ̀wé rélùwéè, tó papò dà ní 1962.

Ọ̀gbẹ́ni Jethro Okorie, ọmọ Ìgbò tó ń tẹ dùùrù ìjọ wa ní Ṣúrùlérè, ló kọ́ ìyá wa ní dùùrù. Nígbà tí ìlú dàrú ní 1966, Ọ̀gbẹ́ni Okorie sá lọ sí ìlú wọn. Ìjọ ní kí ìyá wa máa bá wọn tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì ṣe olórí akọrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n wa Gbádé wọ iṣẹ́ ológun. Ó lọ sógun, kò bọ̀.

Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun parí. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, rédíò sì kéde pé kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tí a borí. Lẹ́yìn Àjíǹde, Ọ̀gbẹ́ni Okorie dé, wọ́n ti rù hangogo. Ìyá wa mú wọn lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọ pé oníṣẹ́ ti dé.

Alága ìgbìmọ̀ mi orí. "Ìyá Gbádé, ó lè padà sílùú, kò lè padà sípò. Àdéhùn orí rédíò kì í ṣe òfin ìjọ. Ẹ̀jẹ̀ Gbádé là ń rò."

"Ẹ yọ orúkọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀!" ni ìyá wa dá a lóhùn. "Èmi ni mo bí i. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa rán òkú rẹ̀ níṣẹ́."

Lọ́jọ́ ìsìn ìdúpẹ́ àlàáfíà, gbogbo ìjọ ti dìde fún orin nígbà tí ìyá wa pa dùùrù dé. Wọ́n ní, "Àlàáfíà wo là ń dúpẹ́ fún, tí ẹni tó ni ìjókòó yìí wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn? Ẹni tó bá máa kọrin, kó fẹnu lásán kọ ọ́." Wọ́n rìn lọ jókòó ti Ọ̀gbẹ́ni Okorie.

Ìgbìmọ̀ yọ wọ́n nípò olórí akọrin. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ò kí wọn mọ́. Ìyá wa ò bẹ ẹnì kankan, wọn ò sì fi ìjọ sílẹ̀. Àwọn àti Ọ̀gbẹ́ni Okorie bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn lórin ní pálọ̀ wa, kò sì pẹ́ tí àwọn akọrin ìjọ fi ń yọ́ wá. Ní 1973, àlùfáà tuntun dá Ọ̀gbẹ́ni Okorie padà sídìí dùùrù. Ìgbìmọ̀ wá ní kí ìyá wa gba ipò olórí akọrin padà. Wọ́n kọ̀ ọ́: "Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ ṣẹ̀." Títí dòní, ìgbìmọ̀ ò tíì sọ ọ́. A kọ ọ́ síbí kí wọ́n lè kà á.

Ìyá wa jáde láyé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978. Wọ́n fi Adéfúnmiláyọ̀ àti Abọ́sẹ̀dé sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ, àti Ọ̀gbẹ́ni Okorie tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n.

Ìyá wa, a ò ní kí ẹ sùn jẹ́ẹ́. Ẹ ò fìgbà kan ṣe jẹ́ẹ́ níwájú ìrẹ́jẹ. Ẹ sùn bí akọni.