Olùkọ́ Tí Kò Rí Ẹni Tí Yóò Bi Í Ní Ìbéèrè: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Rufus Adépọ̀jù Kìtán (1953–2025)

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1953 ni a bí Olóògbé Rufus Adépọ̀jù Kìtán ní Odòjọ̀mù, ní ìlú Oǹdó, sínú ìdílé Pa Josiah Kìtán, àgbẹ̀ oníkòkó tó tún jẹ́ akọrin ohùn bẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì Ángílíkà, àti Ìyá Dọ́káàsì Kìtán, ọmọ bíbí Ijare, tó ń ta iṣu. Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa. Bàbá ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. A gbọ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti máa ń da ìbéèrè bo àgbàlagbà títí àgbàlagbà náà yóò fi rántí pé òun ní iṣẹ́ lóko. Ní ọjọ́ kan, Pa Josiah mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, Bàbá sì béèrè ìdí tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n fi ń mì kó tó dúró. Oníṣòwò tó ń wọn kòkó náà rò pé ọmọ yìí ti mọ̀ pé òun ń rẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹ, ló bá fi nǹkan kún owó Pa Josiah.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gírámà, Oǹdó ni Bàbá ti ṣe méjèèjì, wọ́n sì jáde ní 1971. Wọ́n gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1977, wọ́n gba oyè kejì ní 1984. Oyè kẹta, oyè ọ̀mọ̀wé, ni wọ́n fẹ́ wọ̀ tààrà, àmọ́ ọdún yẹn gan-an ni Pa Josiah kú, àbúrò márùn-ún sì wà lẹ́yìn tí wọ́n ní láti kàwé. Bàbá di ìwé wọn sínú àpótí. Wọn kò ráhùn létí wa rí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1981, Bàbá gbé Títílayọ̀, ọmọ Àkúrẹ́, níyàwó. Olùkọ́ ni Màmá náà, ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni wọ́n ń kọ́ni. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí ìgbéyàwó náà. Ẹ̀mí sùúrù tí Màmá lò nínú rẹ̀, ẹ ó rí i kà níwájú.

Láti 1978 títí di 2013 tí Bàbá fẹ̀yìn tì, físíìsì ni wọ́n ń kọ́ni ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Àkúrẹ́, àfi ìgbà díẹ̀ tí wọ́n gbé wọn lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. A lè sọ láìbẹ̀rù pé kò sí ìdílé kan ní Àkúrẹ́ tí Bàbá kò na ẹnì kan níbẹ̀ nítorí físíìsì. Ọ̀wọ̀ ni àwọn tí wọ́n nà fi ń san án padà. Ní báǹkì, ní ọ́fíìsì ìjọba, ní ilé epo, ẹnì kan á ṣàdédé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, “Sà, ẹ ò lè rántí mi, ẹ nà mí ní 1994.” Bàbá á ní àwọn rántí, àti pé ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, a rò pé wọn yóò sinmi. Wọ́n lé mọ́tò jáde nínú gáréèjì ilé wa ní Ijapo ní Àkúrẹ́, wọ́n kó bẹ́ǹṣì síbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì. Mọ́tò ń sùn nínú òjò láti ọjọ́ náà. Sílábọ́ọ̀sì ìdánwò náà, ògiri yàrá ìjẹun ni Bàbá lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí àwòrán ìgbéyàwó àwọn àti Màmá wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá pín iṣẹ́ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ìjọ. Àsìkò Bíbọ̀ Olúwa ni ti ìrìn àti ipá. Ooru bọ́ sí oṣù kejì, nígbà tí gáréèjì onípáànù náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ wọn. Lẹ́ńtì ni ti kúáńtọ̀mù, wọ́n ní ìyà inú rẹ̀ kì í ṣe fún ẹni tó yó. Àjíǹde ni ti ìmọ́lẹ̀. Iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó sí àsìkò Mẹ́talọ́kan, nítorí pé ó gùn, àti nítorí pé ìgbà òjò ni iná ìjọba máa ń lọ jù, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ iyì ohun tó ń kọ́.

Gbogbo ilé ló ń ṣe lẹ́sìn náà, bóyá a fẹ́ bóyá a kọ̀. Ayọ̀mikún, ọmọ-ọmọ Bàbá, ni fíkà ìjọ wa bi ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé kí la rí kọ́ nínú Àjíǹde. Ọmọ náà dìde dúró ṣánṣán, ó ní ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìgbì, ó sì tún jẹ́ hóró. Fíkà ronú díẹ̀, ó ní Àmín. Bàbá, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi náà fún ọdún pípẹ́, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jáde síta. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Bàbá Adépéjú, ẹ dákun, ulé ọkọ ni mo wá, kì í ṣe ulé ùwé.”

Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sìn kan, Tiwaladé, ló fa ohun tó kù. Nígbà tó yege tó wá dúpẹ́, ó béèrè láìní èrò búburú lọ́kàn pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ìgbà wo lẹ ṣe tiyín?” Bàbá tú lẹ́sìn ká kí àkókò tó tó, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí ìjì ṣí páànù gáréèjì. Ní 2021, Bàbá fúnra wọn gba fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣewọlé náà ní yunifásítì. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ ìdánwò alákọsílẹ̀ náà, torí pé irọ́ ti pọ̀ lórí rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù tí Bàbá ti ń ṣọ́ ìdánwò. Bí aago ṣe lù tí gbogbo èèyàn dorí kodò, Bàbá dìde, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àga. Ọmọkùnrin kan gbójú sókè, Bàbá ní kó kọjú sí ìwé rẹ̀. Wọ́n gba bébà kékeré kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà láti ṣọ́ ìdánwò rò pé ọ̀gá pátápátá ni wọ́n rán wá, ó kí Bàbá, ó sì fún wọn ní àga níwájú. Ó ṣe díẹ̀ kí Bàbá tó rántí pé àwọn náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Síbẹ̀, wọ́n yege.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló jókòó láti bi Bàbá ní ìbéèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláolúwa, tó jẹ́ alága, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbọ́lá, ọmọ tí Bàbá kọ́ ní kíláàsì ni àwọn méjèèjì. Bàbá kò kọ́ ẹnì kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n kọ́, ìyẹn ló sì burú jù, torí láti ilé ni wọ́n ti fi orúkọ Bàbá dẹ́rù bà á. Bí Bàbá ṣe wọlé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláolúwa ti wà nílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbọ́lá ti wà lórí eékún. Wọ́n fún Bàbá ní àga alága. Wọ́n béèrè orúnkún Bàbá, wọ́n béèrè Màmá, wọ́n gbé mínírà tútù wá. Bàbá yọ bírò, wọ́n ń retí. Nígbà tó pẹ́, Bàbá ní, “Ó yá, ẹ bi mí ní nǹkan.” Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláolúwa ní, “Ẹnu wo la máa fi bi yín, sà? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.” Wọ́n sin Bàbá dé ìdí mọ́tò. Nígbà tí èsì jáde, orúkọ Bàbá ló ṣáájú.

Gbogbo Ijapo yọ̀. Wọ́n ti ka ìkéde ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá sì ti ra ewúrẹ́. Bàbá wọ mọ́tò padà sí yunifásítì, wọ́n ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò. Ariwo sọ. Fíkà àti àwọn wọ́dìn ìjọ wá bẹ Bàbá nílé, àwọn àbúrò wọn gbéra láti Oǹdó, Ọmọ́táyọ̀ tó jẹ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí pè láti òkè òkun, ó ń sunkún. Bàbá gbọ́ ti gbogbo wọn tán. Wọ́n ní, “Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní nǹkan yìí. Kò sì sẹ́ni tó ń bi mí. Bóyá mo ti gbàgbé ìdajì rẹ̀, bóyá mo ti ń ṣì yín lọ́nà láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló máa sọ fún mi?” Fíkà fẹ́ dá wọn lóhùn, ó gbàdúrà ìparí dípò rẹ̀. Ewúrẹ́ náà ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Kí ẹ má rò pé ìdánwò nìkan ni Bàbá ń ṣe láyé. Àwọn ni alága ìgbìmọ̀ tíránsífọ́mà ní àdúgbò wa. Bí àwọn oníná bá dé, Bàbá á jókòó tì wọ́n, á ṣàlàyé bí tíránsífọ́mà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn a sì tún un ṣe kíákíá kí wọ́n lè máa lọ. Àdúgbò wa kò wà lókùnkùn pẹ́ rí nígbà ayé wọn.

Ní 2022, Bàbá tún yege èyí alákọsílẹ̀, wọ́n tún lọ jókòó. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbọ́ pé inú Bàbá kò dùn, wọ́n wá ti Tiwaladé síwájú, tó ti di olùkọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ó ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, sà, tí kò bá ní ni yín lára, sà, kí là ń pè ní agbára?” Ìbéèrè ọmọ gírámà ni. Bàbá dáhùn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ni Bàbá bá gba bébà máàkì lọ́wọ́ Tiwaladé, wọ́n kọ òdo fún ara wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Tiwaladé sunkún dé ilé wa, Màmá ló fún un lóúnjẹ tó fi dákẹ́. Ewúrẹ́ ti bímọ méjì lákòókò yìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbọ́lá ló rí ọ̀nà àbáyọ ní 2023. Ó ní kí wọ́n wá olùbéèrè láti ìlú tí Bàbá kò ti na ẹnikẹ́ni rí. Ìlọrin ni wọ́n ti rí i: Ọ̀mọ̀wé Àánú, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kò gbọ́ orúkọ Bàbá rí. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Kìtán, ẹ jókòó.” Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláolúwa ní òun fẹ́ lọ mumi, kò sì padà wọlé. Ọmọbìnrin náà bi Bàbá títí òógùn fi bò wọ́n. Ní ibì kan ó ní, “Ìyẹn kò tọ̀nà, sà. Ẹ tún un wò.” Nígbà tó kan kúáńtọ̀mù, Bàbá dúró níwájú pátákó, wọ́n ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n.” Ẹ̀yin ará, a kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu Bàbá rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ọ̀mọ̀wé Àánú ní, “Ẹ ṣeun,” ó sì bọ́ sí èyí tó kàn.

Orin ni Bàbá ń fi ohùn bẹ́ẹ̀sì kọ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá rò pé wọ́n ti mutí. Bàbá ní, “Wọ́n bi mí, Títí! Ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!” Wọ́n wó sórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú wọn. Díẹ̀ báyìí ni máàkì wọn fi ju ti ẹni tó ṣubú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n yege. A pa ewúrẹ́, ìyá àti ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá ló fà wọ́n wọlé, ẹ ti rí òtítọ́ kà, ọ̀fẹ́ sì ni ìwé yìí.

Bàbá wọṣọ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbọ́lá ló ń darí iṣẹ́ wọn. Bí Bàbá bá wọlé, ọ̀jọ̀gbọ́n á dìde fún olùkọ́ rẹ̀. Bàbá náà kò ní jókòó, torí pé olùkọ́ àwọn dúró. Ìnàró ni wọ́n ṣe gbogbo ìpàdé wọn.

Àárín ọdún 2025 ni àìsàn dé. Dókítà Babájídé tó ń tọ́jú Bàbá ní ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá ni òun náà. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ibà díẹ̀ ni. Nígbà tó tún wá, ó ní àárẹ̀ ni. Ìgbà tó tún wá lẹ́yìn ìyẹn, ó béèrè orúnkún Bàbá. Bàbá ní, “Babájídé, dìde nílẹ̀. Fa àga, kí o jókòó. Kí lo rí?” Dókítà jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá, títí dé àkókò tó kù, ojú rẹ̀ kún fún omi. Èmi Adépéjú tí mò ń kọ èyí wà níbẹ̀, inú sì bí mi sí i bí ẹni pé òun ló gbé àìsàn wá. Ṣùgbọ́n Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, ìwọ nìkan lo fún mi ní máàkì tó tọ́ sí mi.”

Bàbá sùn nínú Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2025. Wọn kò parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé náà. A kò kọ “Dókítà” síwájú orúkọ wọn, kì í ṣe pé a gbàgbé. Wọ́n fi Màmá Títílayọ̀ sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn: Adépéjú, Ọmọ́táyọ̀ àti Ìbùkúnolúwa, Ayọ̀mikún àti ọmọ-ọmọ márùn-ún mìíràn, àwọn àbúrò ní Oǹdó, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé yìí kò lè gbà.

Bàbá, ẹ sùn re o. Láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, ojú ń tì wá láti bi yín ní ìbéèrè, nítorí pé a fẹ́ràn yín. Ẹ ti dé iwájú Ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì yín rí. Yóò bi yín dáadáa.