Wọ́n Ti Lẹ Ìyá Rẹ Mọ́ Iwájú Ilé

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú làálàá ìlú ńlá. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, àmọ́ ṣáà fèsì kí n lè sùn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí mò ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ sí ọ, àti èyí tí mi ò tíì rántí bẹ̀rù.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní. Ìjọba fẹ́ wó àwọn ilé àdúgbò wa tó ń jò, kí wọ́n tún wọn kọ́ fún àwa mẹ̀kúnnù lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, orí tábìlì ni mo ti bá gbogbo àdúgbò wa, páálí ni wọ́n fi ṣe é, títí kan gọ́tà. Ẹ̀rù bà mí, torí ilé wa kò ju páálí bàtà lọ. Ọmọbìnrin tó ya àwòrán ilé náà ní kí n fọkàn balẹ̀, àpẹẹrẹ ni, ńlá ni wọ́n máa kọ́. Mo gbà, mo ṣáà kàwé.

Àfi bí mo ṣe rí àwọn èèyàn kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Iwájú ilé onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, mẹ́ta ni wọ́n. Iwájú tiwa, òdòdó nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní wọ́n ti pín ilé tán nìyẹn, wọn ò kà wá mọ́ ọn. Onígbàjámọ̀ ní bóyá èmi ni mo di òdòdó. Mo bẹ ọmọbìnrin náà pé bí àyè ò bá gba èmi, kó ṣáà lẹ ìyá rẹ mọ́ iwájú ilé tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ tí a fi ń jẹun. Ó rẹ́rìn-ín, ó gé páálí, ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́, kò sí àyè. Òdòdó ti gba gbogbo ibẹ̀, òrùlé ò sì yọ síta tí ì bá fi bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ òjò. Ló bá bi mí bóyá àwọn ilé yòókù náà ń ṣiṣẹ́ níwájú. Mo ní èwo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní bí òun bá kọ́ ilé tó rẹwà tí ìyá rẹ ò ríbi ránṣọ, ebi ni òun kọ́ fún wa. Ó tu òdòdó, ó fa òrùlé síta, gbogbo ilé ti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Ìyá rẹ ti lọ wo ara rẹ̀ níbẹ̀, ó ní wọ́n ṣe òun tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ìwọ ló kù. Ọmọbìnrin náà ní yàrá ẹ̀yìn wà fún ọ, àmọ́ yàrá tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Jọ̀ọ́, wọn gígùn ara rẹ kí o fi ránṣẹ́ kíákíá, kó lè gé páálí tìrẹ náà síbẹ̀ kí àwọn bíríkìlà tó dé. Bọ́ bàtà gogoro kí o tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má bàa gbé òrùlé sókè lásán. Fi owó díẹ̀ sí i, ká ra àga tuntun fún ìyá rẹ, torí èyí tó ń jókòó lé kò jọ ti inú páálí.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń pín àyè, àyè tìrẹ kò ní sọnù. Wàá délé, wàá bá wa lọ́dẹ̀dẹ̀.

Èmi bàbá rẹ, tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ balẹ̀.